Oṣù Mẹ́ta Pẹ̀lú Ẹ̀rọ Etí

Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye dókítà tó wà ní Òṣogbo, ẹ bí ọmọ tí kì í dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é, kí ẹ wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sí ẹ̀gbẹ́ Old Garage. Èmi ṣe méjèèjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mi ò lè kà wọ́n mọ́. Ẹni tó wá wọn bùbá á ní kí n mú ọmọ wá kí òun yojú wo inú etí rẹ̀. Ẹni tó wá gba ṣòkòtò á sọ oògùn kó tó sọ pé ṣòkòtò náà fún mọ́ òun. Obìnrin kan ní okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀ ni kí n lọ gé. Òmíràn ní kí n má fún un ní ẹyin jẹ mọ́. Bàbá kan tó máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ka ìwé ìròyìn tí kò rà ní omi tí odídẹrẹ́ mu kù ló dára jù, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé odídẹrẹ́ pọ̀ ní Old Garage ju agbèrò lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹni tó bá bá irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ jiyàn kò ní rán aṣọ kankan parí lọ́jọ́ náà.

Ọmọbìnrin mi ni, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Ó dá gbogbo wọn lójú pé kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀rí. Bí òjò bá kán sórí páànù, òun ló ń kọ́kọ́ sá wọlé. Bí sísọ́ọ̀sì mi bá bọ́ lulẹ̀, á yíjú wò ó. Ṣùgbọ́n kí n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò ní mira. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá pè é, á dáhùn kedere, gbogbo ẹni tó wà nítòsí á wá máa wò mí bí òpùrọ́. Ìdájọ́ wọn kò pẹ́ rárá: orí kunkun ni. Ó ń gbọ́, kò kàn fẹ́ dáhùn ni. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní Iléṣà tilẹ̀ mọ ibi tí orí kunkun náà ti wá, nítorí pé ọmọ Òṣogbo ni mí, wọn kò sì retí ohun tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo bí i, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n. Ibà pọ́njú ni. Gbogbo ìyá àgbà tó wà nítòsí ló mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ló sì mọ oògùn rẹ̀: oòrùn òwúrọ̀. Mo gbé ọmọ sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko bí ẹni tó ń sá èlùbọ́. Ìgbà tí kò mu ọmú mọ́ ni a tó gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù fún ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ yè. Ọjọ́ tí a padà délé, wọ́n ní ṣé mo rí i báyìí, oòrùn yẹn ló wò ó sàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé irú ibà yẹn lè ba iṣan etí ọmọ ọwọ́ jẹ́. Ká ní mo mọ̀ ni, ọjọ́ kìíní ni ǹ bá ti gbé e lọ.

Ọsibítù kan náà ni ọ̀rọ̀ etí gbé wa padà sí. Dókítà etí tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tí mo fi bí ọdún mẹ́wàá dàgbà jù lọ, tí kì í gbé ohùn sókè. Ó lẹ wáyà mọ́ iwájú orí ọmọ mi àti ẹ̀yìn etí rẹ̀ nígbà tó ń sùn, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà fún bíi wákàtí kan, ó wá ní, "Inú etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mà." Mo ti fẹ́ dìde jó. Ó ní kí n jókòó. Ó ní ohùn ń wọ inú etí bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n iṣan tó yẹ kó gbé e dé ọpọlọ ń gbé e ségesège. Á já díẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà, á mú díẹ̀ dé, èyí tó yẹ kó ṣíwájú á sì kẹ́yìn. "Ó ń gbọ́ pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, mà. Ohun tí ẹ̀ ń sọ ni kò yé e. Ọjọ́ kan á dáa, ọjọ́ kejì kò ní dáa." Ó dárúkọ àìsàn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ gígùn kan báyìí. Ọkọ mi ní kó bá òun kọ ọ́ sórí ìwé. Kí a tó dé ilé wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ó ti kà á fún gbogbo ẹbí rẹ̀ lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ joyè.

Ẹ̀rọ etí ni dókítà ní kí a fi dán an wò. Kò fi dídùn tàn wá. Ó ní ẹ̀rọ náà ń ran díẹ̀ lọ́wọ́ nínú àwọn ọmọ tó ní irú àìsàn yìí, kì í sì í ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ rárá, nítorí pé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó mú ohùn tóbi, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tún ohùn tó ti fọ́ ṣe. Oṣù mẹ́ta ni a ó fi wò ó. Kí n máa kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé lójoojúmọ́. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, wọ́n á bọ́ ọ, nítorí ariwo tí kò nítumọ̀ máa ń mú kí ó rẹ ọmọ ni.

"Ohun tí mo fẹ́ rí kò pọ̀," ó ní. "Kí àgbàlagbà kan tí kì í ṣe ẹ̀yin bi í ní ìbéèrè, láìfi ọwọ́ júwe, kó sì dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Kódà bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, màá mọ̀ pé ọ̀nà wà."

Mo bi í léèrè pé bí kò bá dáhùn ńkọ́. Ó ní iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n ń ṣe, kò sí ní Òṣogbo. Nígbà tó dárúkọ iye rẹ̀, mo ní kó tún un sọ, torí mo rò pé etí tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà nílẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tó wà ládùúgbò wa ti sọ fún mi pé ọmọ tí kò lè dá tíṣà lóhùn kò lè wọ kíláàsì kìíní ní oṣù kẹsàn-án. Àárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ọmọ mi sí, ó ga ju gbogbo wọn lọ, ó ń kun àwòrán ọsàn láràárọ̀. Wọ́n ní ó mọ ọsàn kùn gan-an. Èmi náà rí i pé ó mọ̀ ọ́n kùn, ilé mi ti kún fún ọsàn, mo sì ń ka iye oṣù tó kù ní gbogbo ìgbà tó bá mú òmíràn dé.

Báyìí ni ẹ̀rọ dé. Kékeré ni, àwọ̀ èèpo ẹ̀pà, ó há sẹ́yìn etí, bátìrì rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Lọ́jọ́ kejì, inú agolo bọ́tìnnì ni mo ti rí i, ọmọ mi ti tò ó mọ́ bọ́tìnnì aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì bára mu lóòótọ́. Àwọn oníbàárà mi tún rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀kan ní ṣé fóònù ni. Ọ̀kan ní irú rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣọ́ gómìnà máa ń fi sétí, kí ni ọmọdé fẹ́ fi ṣe. Ìyá kan tó wá gba aṣọ ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀ wò ó títí, ó ní òun kò ní sọ nǹkan kan, ó wá sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí.

Èmi náà kò gbọ́n jù wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kó ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé pẹ̀lú ẹ̀rọ létí. Máṣíìnì mẹ́ta ń ké nínú ilé, jẹnẹrétọ̀ ń ké níta, àwọn agbèrò ń ké lójú títì, ẹ̀rọ sì ń fi tọkàntọkàn mú gbogbo rẹ̀ tóbi sí i. Ọmọ á fà á yọ, á sunkún. Èmi á fi í padà. Á tún fà á yọ. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Kò gbọ́. Ó ń ṣorí kunkun." Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ti darapọ̀ mọ́ àwọn onídàájọ́. Ìgbà tí dókítà pè mí láti béèrè ibi tí ọmọ ń wà lọ́sàn-án, tí mo sì dáhùn, ó ní kí n má mú un lọ síbẹ̀ mọ́. Ó ní ariwo gan-an ni ọ̀tá irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo wá bẹ aládùúgbò mi kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó pé kó jẹ́ kí ó máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré títí n ó fi dé.

Ìwé mi yí padà. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, aládùúgbò mi ní ọmọ mi sọ pé, "Èmi ló kàn." Ó sọ pé, "Gbé e wá." Wọ́n ń ṣeré ilé kíkọ́ nínú iyanrìn, ọmọ rẹ̀ àgbà á pàṣẹ, tèmi á sì ṣe é. Mi ò gbà á gbọ́ títí mo fi tètè ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, tí mo dúró sẹ́yìn fẹ́ńsì tí mo gbọ́ ọ fúnra mi. Ó ń pariwo sí ọmọkùnrin kékeré kan pé kó má tẹ ilé òun mọ́lẹ̀. Mo sunkún sẹ́yìn fẹ́ńsì yẹn bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kankan bá ti bá a sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe èmi, bàbá rẹ̀, tíṣà, tàbí aládùúgbò wa yẹn fúnra rẹ̀, ó ti tán. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí: "Ti ọmọdé, ó gbọ́. Ti àgbà, kò gbọ́."

Ọkọ mi ka ìlà yẹn, ó mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ ti wá yé òun, ìgbéraga ni. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ní Iléṣà, òun náà ní kí a fún un ní fóònù kí òun bá ọmọ náà wí, èyí tó jẹ́ ọgbọ́n ńlá nígbà tí ọmọ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí fóònù rárá. Ó bá a wí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní ọmọ Ùjẹ̀ṣà kì í rí àgbà fín. Mo gbé fóònù sí etí ọmọ mi, ó ń kun ọsàn lọ.

Kí n sọ ohun kan tí mo fi ń yangàn nígbà náà. Ọmọ mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo ti pinnu pé bí ayé bá fẹ́ sọ pé etí rẹ̀ kò pé, wọn kò ní ráyè fi kún un pé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Nígbà tó sì jẹ́ pé mi ò lè fi ẹnu kọ́ ọ, mo fi ọwọ́ kọ́ ọ. Bí àgbà bá ti wọlé, màá tẹ èjìká rẹ̀, á kúnlẹ̀. Màá tẹ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, á dorí kodò. Bó bá gbójú sókè wo àgbà, màá fa etí rẹ̀, àfi bí ẹni pé etí ọ̀hún kò tíì níṣòro tó. Nígbà tó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sídìí láti tẹ ibì kankan mọ́. Bó bá ti rí bàtà àgbà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó ti kúnlẹ̀ nìyẹn, ojú ti wà nílẹ̀. Àwọn ìyá tó wà ládùúgbò ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ tiwọn tó ń gbọ́rọ̀ ketekete. Wọ́n á ní, ẹ wo ọmọ yìí, bó ṣe rí yẹn náà. Inú mi a máa dùn.

Ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni mo fi ṣe fújà wọ ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tí oṣù méjì pé. Ọmọ mi kúnlẹ̀ síwájú tábìlì rẹ̀, ó dojú kọ ilẹ̀. Dókítà bi í pé ṣé ó ti jẹun. Kò fọhùn. Ó tún bi í. Kò mira. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì nígbà tí mo rí i tí obìnrin náà dìde kúrò lórí àga rẹ̀, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì pẹ̀lú kóòtù funfun rẹ̀, tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ ní ibi tí ojú ọmọ mi wà. Mo rò pé ó ti dákú. Ó ní, "Ta ló ra bàtà yìí fún ọ?"

Ọmọ mi ní, "Dádì."

Dókítà dìde, ó gbọn kóòtù rẹ̀, ó wá mú ìwé mi. Ó ka ìlà tí ọkọ mi kà, ṣùgbọ́n kò mi orí. Ó ní ìdánwò náà kò tíì parí, torí bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà lè ti jẹ́ kó méfò. Ó wá bi mí pé, "Àwọn ọmọdé tó ń bá ṣeré yìí, ṣé ó máa ń wò wọ́n lójú?"

"Ẹgbẹ́ rẹ̀ kúkú ni wọ́n, dókítà."

"Àwọn àgbà ńkọ́?"

Mo gbé àyà sókè. "Ọmọ tèmi kì í wo àgbà lójú, mà. Mo kọ́ ọ dáadáa."

Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi wí. Ìbá kúkú bá mi wí. Ó jókòó, ó ṣàlàyé rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà ń mú ìdajì ọ̀rọ̀ dé fún ọmọ mi, ìdajì yòókù sì wà ní ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bó bá wo ètè tó sì gbọ́ ohùn, á so méjèèjì pọ̀, ọ̀rọ̀ á yé e. Bí àwọn ọmọdé bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń wò wọ́n lẹ́nu. Bí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, táìlì ló ń wò, táìlì kì í sì í sọ̀rọ̀. Kò sí ìgbéraga níbẹ̀, kò sí orí kunkun. Ọmọ tó ń ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ni.

Ojú tì mí. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Mo ronú sí iye ìgbà tí mo ti fa etí yẹn, mo sì wò ó níbi tó kúnlẹ̀ sí, tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ka ìlà àárín táìlì, tó ń dúró kí àwọn àgbà parí ọ̀rọ̀ wọn. Oṣù kan ló kù.

Ẹ máa gbọ́ pé ẹ̀kọ́ ilé le kọ́. Ẹ dán kí ẹ gbà á padà wò. Mo ń gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ń lóṣòó níwájú rẹ̀ nínú ilé, nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, mo ń fi ìka kan ẹnu ara mi, mo ń ní, "Wò mí, wò mí," àwọn tó ń kọjá lọ sì ti gbà pé àìsàn ọmọ ti ràn mí. Dókítà sọ pé irunmú tó bo ètè kò dára fún un, ọkọ mi bá lọ fá tirẹ̀, ohun tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún tí a ti ṣe ìgbéyàwó. Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n dókítà ti ní èmi kò sí nínú ìdánwò. Àwọn àgbà yòókù ni, àwọn àgbà yòókù kò sì fẹ́ràn ìwòkuwò. Oníbàárà kan fà sẹ́yìn níwájú dígí, ó ní kí ló dé tí ọmọ yìí ń wo òun bí ẹni pé òun jí i ní nǹkan. Ọmọ mi rí ojú rẹ̀ bó ṣe le, ó tètè wolẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan dà nù nìyẹn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí oṣù mẹ́ta pé, ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ pé kí a wá jẹun ní Iléṣà ní ọjọ́ Àìkú. Obìnrin náà ti fi ogójì ọdún ta aṣọ kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì sí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ tí kò yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀ bí ìgbà tó ń wá ibi tí kòkòrò ti jẹ aṣọ. Láti bí ọdún mẹ́fà ni eyín iwájú rẹ̀ ti bọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, a kò sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ fa etí ìborùn rẹ̀ bo ẹnu, láti abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo àṣẹ ti ń jáde. Nínú gbogbo ẹni tó wà láyé, ẹ wá wo ẹni tí ọmọ mi fẹ́ lọ wo ẹnu rẹ̀.

Ọkọ mi ló yẹ kó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Ó ti ń sọ pé "màá sọ fún wọn" fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ọkọ̀ wa wọ Iléṣà, ó kọjú sí mi, ó ní, "Tí a bá débẹ̀, ìwọ ni kí o bá wọn sọ ọ́. Obìnrin sí obìnrin." Ọkọ mi kò bẹ̀rù ohunkóhun lábẹ́ ọ̀run, àfi ẹni tó bí i.

A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, ìyá àgbà súre fún wa láti abẹ́ ìborùn. Ó béèrè pé, "Ṣé ulé dáa?" A ní adúpẹ́. Ó bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ọmọ mi gbójú sókè gẹ́gẹ́ bí mo ti ń kọ́ ọ, ìborùn ló rí, ó sì padà wolẹ̀. "Kò tíì yí padà," ìyá àgbà wí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo ti ní gbólóhùn náà lẹ́nu, mo ti fi í dánra wò láti Òṣogbo: màámi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó wo ẹnu yín. Mo wo ìborùn yẹn, mo ní, "Ẹ máa bá wa gbàdúrà sí i, mà." Ojo ni mí, èmi tí mo ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n gbé iyán wá. Orí ẹní ni a jókòó sí, èmi àti ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìyá àgbà lórí àpótí ní ọ̀kánkán wa, ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé dákẹ́, kò sí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, kò sí jẹnẹrétọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jẹ iyán kò lè di ìborùn mú. Ìyá àgbà sọ ọ́ sẹ́yìn èjìká, ó bu òkèlè, ó la ẹnu.

Mo rí i pé ọwọ́ ọmọ mi dúró nínú àwo. Ó ti gbójú sókè. Ó tẹjú mọ́ ẹnu ìyá àgbà láìṣẹ́jú, bó ṣe ń wo ẹnu mi nígbà tí a bá jọ ń kọ́ ọ̀rọ̀, orí rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀ sí apá ibi tí ẹ̀rọ wà. Ìyá àgbà rí i. Ó gbé ohun tó ń jẹ mì.

"Kí lò ń wò lẹ́nu mi?"

Gbogbo ọmọ tí a bí sílẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ pé wọn kì í dáhùn ìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún á wolẹ̀, á ní ẹ máa bínú, ó tán. Ọmọ mi kò mọ̀. Ta ni ì bá sọ fún un?

"Eyín," ó ní. "Kò sí eyín."

Ó là ketekete. Kódà ẹni tó wà nínú ọgbà gbọ́ ọ. Iyán há ọkọ mi lọ́fun. Ọwọ́ mi kò dúró béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó ti gòkè kó tó yé mi pé èmi ni mo ni ín, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ti fẹ́ balẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn tó mọ̀ dáadáa. Ọmọ mi rí i. Ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ kíá, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Ibi tí ọwọ́ mi wà lókè yẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ti tó yé mi. Àgbàlagbà kan tí kì í ṣe èmi ti bi í ní ìbéèrè, kò fi ọwọ́ júwe ohunkóhun, ọmọ mi sì ti dáhùn ohun tí wọ́n bi í gan-an. Ohun tí mo ti ń retí láti oṣù mẹ́ta nìyẹn, láti ọdún márùn-ún. Ó dé, mo fẹ́ gbá a létí.

Ìyá àgbà kò fa ìborùn bo ẹnu. Ó ń wo ọmọ náà.

"Kò bá mi sọ̀rọ̀ rí," ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti bí i." Ó yíjú sí mi. "Sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀."

Ó ti àwo iyán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tẹ̀ síwájú lórí àpótí rẹ̀, ó fi ìka tó lọ́bẹ̀ gbé àgbọ̀n ọmọ mi sókè, ó la ẹnu tó ti pa mọ́ fún gbogbo wa láti ọdún mẹ́fà, ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Ó ti bọ́. Wò ó dáadáa."

Ọmọ mi kò wò ó. Àgbọ̀n rẹ̀ ti gòkè, ojú rẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n kò wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi ló ń wò. Ó fẹ́ mọ ibi tó wà kó tó ṣe ohunkóhun.

Mo ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ itan mi, mo sì jókòó lé e. Ó tún wò mí fún ìgbà díẹ̀ sí i, bí ẹni tí kò tíì dá lójú, kó tó yíjú sí ìyá àgbà rẹ̀.